Kúróònù Ọjà Lẹ́nu Ọ̀nà Àjàṣẹ́

Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a kì í déédéé gbé nǹkan kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń kọjá lọ ní àdúgbò wa máa ń wo ilẹ̀kùn kí ó tó wo ojú onílé. Tí ó bá rí màrìwò tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ta á sí àtẹ́rígbà, èyí tí àwọn Gùn (Ègùn) ń pè ní azan, ó mọ̀ pé ilé òrìṣà ni, tàbí pé ẹnìkan ti fi òfin de ibẹ̀, kò sì ní kọjá ààlà náà láìbéèrè. Tí ó bá rí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tí wọ́n ká bí àgbélébùú, ó mọ̀ pé onígbàgbọ́ ló ń gbé níbẹ̀, pé láti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni imọ̀ náà ti wà lókè. Bí ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ bá wà lókè ilẹ̀kùn, ó ti mọ irú kíkí tí yóò kí wọn kí ó tó wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti akísà pupa ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹnu ọgbà, ààlè nìyẹn. Olè tó bá gbọ́n á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni kúróònù Nóẹ̀lì, ewé roboto tí a ń gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọdún Kérésì, pé kí èèyàn rà á, kí ó kan ìṣó, kí ó gbé e kọ́, ó parí. Kò lè parí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ilẹ̀kùn ti ń sọ̀rọ̀ láti ayébáyé. Ohun yòówù tí a bá gbé síbẹ̀ á dá sí ọ̀rọ̀ náà, a fẹ́, a kọ̀. Tiwa ni kí a pinnu ohun tí yóò sọ.

Ìyá ọkọ mi ló là mí lójú sí ohun tí kúróònù ọjà ń sọ bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́. Wọ́n wá kí wa nínú oṣù Disẹ́ńbà, kúróònù náà wà lórí tábìlì bí mo ṣe tú u nínú ọ̀rá, ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ríbọ́ọ̀nù elésè àlùkò kan wà nídìí rẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jókòó.

“Ìyàwó, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Ti ọdún Kérésì ni.”

“Ti ọdún? Ṣé kì í ṣe irú èyí ni wọ́n kó sórí sàréè nígbà tí a sin àǹtí ọkọ yín?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, ibi ìsìnkú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ kúróònù. A mọ bí a ṣe ń sin òkú lọ́nà ńlá níbí: àwọn ọmọ á gbé tiwọn wá, àwọn àna á gbé tiwọn, ibi iṣẹ́ olóògbé náà á rán tiwọn, orúkọ olúkúlùkù á sì hàn gbàgàdà lára ríbọ́ọ̀nù. Ohun roboto tó ní ewé àti òdòdó, tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù elésè àlùkò dì, itẹ́ òkú ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ elésè àlùkò yẹn gan-an ni àwọ̀ tí ìjọ Kátólíìkì ń lò ní àwọn ọ̀sẹ̀ Àdífẹ́ǹtì, nígbà tí a ń retí ìbí Olúwa. Inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọ́. Lójú títì, ikú ló ń wí. Ojú títì ni ilẹ̀kùn mi kọjú sí, kò kọjú sí pẹpẹ, nítorí náà mo yọ ríbọ́ọ̀nù náà kí Ìyá tó mu omi tí mo gbé fún wọn tán.

Mi ò rò pé ó yẹ kí a sọ kúróònù nù nítorí ìyẹn. Ó ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn rere sì ni. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù ní apá àríwá Yúróòpù, nígbà tí gbogbo igi bá ti wọ́wé tán, igi díẹ̀ wà tí ewé wọn kì í wọ́. Ẹ̀ka wọn ni wọ́n ń gé wá sílé, kí ojú lè rí ohun tútù nínú òtútù náà. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń fi ewé igi dé ẹni tó ṣẹ́gun lórí tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Èyí tó ní àbẹ́là, tí a máa ń rí nítòsí pẹpẹ, Johann Hinrich Wichern, pásítọ̀ kan ní ìlú Hamburg ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1839. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Rauhes Haus. Àwọn ọmọ náà ò jẹ́ kó sinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé ọjọ́ mélòó ló kù kí Kérésì dé. Ó wá mú àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó to àbẹ́là sí i lára, ńlá mẹ́rin fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi, kéékèèké fún àwọn ọjọ́ tó kù, ó ń tan ọ̀kan lójúmọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ọmọ tí kò ní òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ka iná títí ọdún fi dé.

Èyí tí a ń rà lọ́jà kò rí òtútù kankan rí. Ike àti wáyà ni. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, àgàgà láti ìlú Yiwu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì fún gbogbo ayé. Ó gba èbúté Kùtọnu wọlé, ó dé ọjà Tọ́kpá, àwọn ìyá ọlọ́jà tiwa lọ kó o níbẹ̀ wá sí ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́. Nínú ìrìn yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú páálí, tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ohun tí ọkọ̀ gùn kọjá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù: kí o la ewé rẹ̀. Fọ̀ ọ́ ná pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀, nítorí eruku ọjà àti eruku ọyẹ́ ti wọ inú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó gbẹ níbòji. Lẹ́yìn náà, jókòó. Bẹ̀rẹ̀ láti etí inú, má bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ẹ̀ka wáyà kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ẹ̀ka lára: fa ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, fa ọ̀kan wá síwájú sí ọ ní tààrà. Àwọn tó wá síwájú yẹn ni wọ́n ń fún un ní ara. Ìka á ta ọ́ díẹ̀. Má ṣe yára. Ọmọbìnrin mi àti èmi la jọ máa ń ṣe é lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ, fìtílà ní àárín wa, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí a kò ní sọ níbòmíràn. Kúróònù tí a la ewé rẹ̀ dáadáa máa ń fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì ohun tí o fẹ́ kó sí i lára kò ní pọndandan mọ́.

Ohun tó kàn ni kí o yọ gbogbo ohun tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ilé iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù wúrà onírọ́bà, èso pupa oníke, yìnyín tí wọ́n fi ọ̀dà funfun ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ọ̀dà funfun yẹn ń hó nínú oòrùn wa, èso pupa náà sì máa ń ṣá di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Jẹ́ kó ku ewé nìkan. Nígbà náà ni o tó lè bi ara rẹ pé kí ni ẹnu ọ̀nà yìí fẹ́ sọ.

Tèmi fẹ́ sọ ohun méjì: pé ọdún dé, àti pé àlejò lè wọlé.

Òwú ni mo kọ́kọ́ mú. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Kétu ló ń fi ránṣẹ́, nítorí àsìkò tí wọ́n ń kórè rẹ̀ bọ́ sí ìparí ọdún gan-an. Orí òwú tó ti là, tòun ti èèpo gbígbẹ rẹ̀ tó pín sí ẹlẹ́ẹ́kan ẹlẹ́ẹ́kan, ẹwà rẹ̀ kò kéré lára ewé tútù. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá ń ra òwú báyìí láti fi ṣe kúróònù wọn. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù ní Áfíríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa fi díẹ̀ ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dùn mí. Gbogbo ọdún ni a ń wá yìnyín oníke kiri, nígbà tí funfun tòótọ́ wà nínú oko wa.

Lẹ́yìn òwú, èso fílàó. Igi fílàó pọ̀ ní etí òkun láti Kùtọnu lọ, èso rẹ̀ kéékèèké, líle, ó ní ojú wínníwínní. Ẹni tó bá ń wá èso igi páìnì òyìnbó ní ọjà ní owó gọbọi kò tíì wo ilẹ̀ nígbà tó lọ sí etí òkun.

Ríbọ́ọ̀nù mi, àǹkárá ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ dára ju ti ọjà lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ aṣọ ẹbí tí a ti fi ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ: ẹni tó bá wà níbi ayẹyẹ náà á mọ̀ ọ́n bó ti ń kọjá. Aṣọ ìsìnkú ni mi ò ní lò, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Gé e ní fífẹ̀ ìka mẹ́rin, ṣẹ́ etí rẹ̀, kí o sì ti wáyà tín-ín-rín sínú etí náà kí o tó rán an pa. Rì í sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó nípọn, fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó tó gbẹ tán. Bí o bá ta á ní kókó, etí rẹ̀ á dúró gírígírí, atẹ́gùn ọyẹ́ kò ní lè wó o. Gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ́ kí òwú rẹ̀ má baà máa tú.

Lẹ́yìn èyí ni owó ẹyọ. Níbi tí mo ti ń ronú jù nìyí, nítorí owó ẹyọ kì í dákẹ́. Nínú àrokò, bí o bá so ẹyọ méjì kojú síra, ọ̀rẹ́ ni, ìfẹ́ ni, wá kí a ríra. Bí o bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà wà nílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀ṣọ́ kúróònù lókè òkun á sọ fún ọ pé kí o to nǹkan ní mẹ́ta tàbí márùn-ún, pé iye tí kò ṣeé pín sí méjì ló ń tẹ́ ojú lọ́rùn. Mo gbà fún wọn ní ti òwú àti èso fílàó. Ní ti owó ẹyọ, mẹ́fà ni mo ń so, méjì méjì, ojú sí ojú, nítorí ẹ̀fà ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn ń fà sí. Màmá àgbà kan ní òdìkejì títì wa rí i, wọ́n kà á láìbi mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn tó mi.

Ará ìjọ wa kan bi mí bóyá owó ẹyọ kì í ṣe ohun ìbọ. Ìbéèrè tó yẹ ni, mi ò bínú. Mo dá a lóhùn pé owó ni ní ìlú yìí ní tòótọ́ kí owó òyìnbó tó dé, pé àwọn ìyá wa fi ra iyọ̀, wọ́n fi ra ẹja, wọ́n fi dá èsúsú. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, ọkọ̀ òyìnbó ló kó o dé etí òkun wa. Àǹkárá náà, àwọn ará Nẹ́dálándì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń fara wé aṣọ àwọn ará Jáfà. Lára gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, òwú àti èso fílàó nìkan ni kò rìnrìn àjò jìnnà.

Ohun tí mi ò ní fi sí i ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, nítorí mo ti rí i ní àwọn ilé kan. Mi ò ní fi ìko sí i. Mo mọ̀ pé ó lẹ́wà, pé ó wà káàkiri, pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ láti fi ta kókó. Àmọ́ ní Àjàṣẹ́, ìko tó wà ní ìdì, tó ń fì, tí ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́, aṣọ Sàngbétò, eégún àwọn Gùn, ni. Òun ló ń ṣọ́ òru, òun ni wọ́n ń pè nígbà tí ìjà ilẹ̀ tàbí ti ilé bá le. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Gùn kò gbọdọ̀ wo ilẹ̀kùn mi kí ó máa ṣe kàyéfì bóyá ẹjọ́ wà nínú ilé wa. Mi ò ní fi màrìwò tútù tí a ya sí i, nítorí ọ̀wọ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù: màrìwò jẹ́ ti àwọn tó mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ìbáà ṣe olórìṣà, ìbáà ṣe àwọn ará Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí kan náà ní 1947, tí ẹ sì ń rí imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ wọn nínú àdúrà. Aṣọ pupa nìkan kò burú. Aṣọ pupa pẹ̀lú ìkarahun ìgbín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àlejò lè wọlé.

Ní ti bí a ṣe ń so ó: wáyà, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi iná yọ́ dára nínú ilé, àmọ́ irin ni ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú wa, oòrùn ọ̀sán sì ń sọ irin di ààrò. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, òwú á já bọ́. Wáyà tín-ín-rín ni kí o fi de ìdí òwú kọ̀ọ̀kan, kí o lọ́ ọ mọ́ egungun kúróònù lẹ́yìn. Àǹfààní mìíràn ni pé ohun gbogbo á ṣeé tú nígbà tí ọdún bá kọjá. Kó ohun ọ̀ṣọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, láti ibi tí aago mẹ́rin wà dé ibi tí aago mẹ́jọ wà, kí o fi ewé tó kù sílẹ̀ kí ó mí. Bí ilẹ̀kùn bá fẹ̀ tó àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, kúróònù tó tó ọgọ́ta ló bá a mu. Má lu irin níhò. Gbé ríbọ́ọ̀nù tó lágbára gba orí ilẹ̀kùn, so ó mọ́ ìdè kan nínú, kí àárín kúróònù bọ́ sí déédéé ojú ẹni tó dúró.

Bí ó bá ti wà lókè, àwọn ọmọ Kàlẹ́tà ló ń kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọdé tó ń dé ìbòjú kiri ìlú ní àsìkò Nóẹ̀lì, ìlù kékeré lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ń jó. Àwọn Àgùdà ló mú irú eré yẹn dé láti Bràsíl, àwọn kan náà tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Ilé tó bá ní nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí, wọ́n mọ̀ pé onílé ń retí ẹnìkan. Nítorí tiwọn ni mo ṣe so ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ìsàlẹ̀ kúróònù. Ọ̀dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Àgùdà ni mo ti rí i: ní ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní ìlú Salvador, irú ríbọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kún ara ọgbà onírin rẹ̀, ẹni tó bá so tirẹ̀ á ta kókó mẹ́ta, á tọrọ ohun mẹ́ta. Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ṣì ń ṣe ọdún Bonfim nínú oṣù Jánúárì. Ọmọ Kàlẹ́tà tó bá jó dáadáa, mo ń jẹ́ kó ta kókó kan lára ríbọ́ọ̀nù náà kí n tó fún un lówó àti àkàrà. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n tọrọ fún mi.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì, ọdún àwọn Amòye láti ìlà-oòrùn, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò ń jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní pẹ́ tí ọdún Fodún, ọdún àwọn olórìṣà, yóò fi dé, ìsinmi ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè, azan tútù á sì wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ni ọjọ́ náà. Ó yẹ kí ojú títì gbọ́ tiwọn ní ọjọ́ yẹn. Mo tú wáyà, mo kó owó ẹyọ sínú ìkòkò, mo fọ àǹkárá, mo gbé kúróònù kọ́ ara ògiri nínú yàrá kí ewé rẹ̀ má baà tún tẹ́.

Ní báyìí, àbúrò mi fẹ́ tiẹ̀ ní Kétu. Ó fi fóònù pè mí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe é, àmọ́ kó jọ ti Kétu o.” Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnu odi ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ nígbà ogun Dànhọmẹ̀, kí ìlú náà tó bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1886. Ó fẹ́ kí n wá ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kékeré kan, èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí n fi sí àárín òwú. Ó wù mí gan-an. Àmọ́ àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń júbà, Kétu sì ni orírun rẹ̀, mi ò sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí ère yẹn á máa sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Mo ti ní kí ó mú obì lọ bá àwọn àgbà obìnrin tó wà nídìí rẹ̀, kí ó bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òwú àti owó ẹyọ ti tó o. Bí wọ́n bá ní kí a ṣe é, mo ti mọ ibi tí wáyà yóò gbà lẹ́yìn ère náà láìdá ihò sí igi rẹ̀.